Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó gbé ọ̀kadà: ẹwà là ń wá ni, àbí iṣẹ́?

Ọmọ_Ìdènà (Kétu)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, fẹ́ bẹ agbẹ́gilére níṣẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ (ère igi tí oníjó ń gbé sórí) méjì tó jọ ara wọn, tí ọ̀kadà yóò wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi bá àwọn oní-zémidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, wí nítorí eré àsápajúdé. Àwọn kan ní kí a kúkú ya àwòrán sára ògiri, pé ìyẹn yá, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Wọ́n ní ẹwà lásán ni iṣẹ́ ọnà. Kí ni orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe láwùjọ tí àwòrán ògiri ò lè ṣe? Bí a bá sì máa gbẹ́ ẹ, igi wo ni, kí ni ìwọ̀n rẹ̀, kí ló sì ń mú kí orí tuntun là kó tó lo ọdún kan?

Ahùn_Tútù
Ẹ jẹ́ n mú ti igi ṣáájú, torí ibẹ̀ ni owó ti ń bá omi lọ.

Igi ahùn ni kí ẹ béèrè. Ó fúyẹ́, ó funfun, ọ̀bẹ sì ń wọ̀ ọ́ bí ìgbà tí a ń bẹ iṣu. Ìrókò lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ta ni yóò gbé e jó títí di àṣálẹ́? Kí orí kan, tòun ti ọ̀kadà rẹ̀, má kọjá kílò 4.

Ní ti lílà: igi máa ń sún kì bó bá ti ń gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń sún kì ju inú lọ. Bí ọkàn igi bá wà láàárín ère, kò sí bí kò ṣe ní là, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹ wá ìtì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ là á sí méjì, ẹ gbẹ́ ọkàn rẹ̀ dànù, kí ẹ wá mú orí kan jáde lára ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Ìbejì gidi nìyẹn, igi kan náà ló bí wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá gé e ni kí ẹ ti bó èèpo rẹ̀. Bí èèpo bá wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, igi funfun yẹn á dà bí èyí tí wọ́n rẹ láró, kòkòrò á sì ti wọlé.

Ní tútù ni kí agbẹ́gilére ti ṣe ọnà lílé, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ bu igi náà sí ìrísí orí, kó sì ṣe àlétúnlé, níbi tí imú, etí àti ẹnu ti ń yọ. Ẹ̀yìn èyí ni kó gbẹ́ inú rẹ̀, kí nínípọn igi náà ku sẹ̀ǹtímítà 1.5 ní bèbè rẹ̀, kí ti òkè ku 2.5. Kó dúró níbẹ̀. Ẹ yọ́ àbẹ́là, ẹ fi pa ibi tí ayùn ti gé igi kọjá lókè àti nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ lomi ti ń yára jáde jù. Ẹ fi àpò wé e, ẹ gbé e sí abẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ 4, kí ẹ máa ṣí i lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kó má bàa hu. Ẹ̀yìn náà ni dídán àti fínfín lè wáyé. Àwọn tó ń kánjú máa ń fín ilà ojú sára igi tútù. Bó bá gbẹ tán, ojú kan á ga ju èkejì lọ.

Ẹ má gbẹ́ ọ̀kadà mọ́ orí lódidi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tínrín, á sì kán níjó àkọ́kọ́. Ẹ gbẹ́ ẹ lọ́tọ̀, kó má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 35, kí ẹ yọ èèkàn igi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sábẹ́ rẹ̀, kó wọnú ihò lókè àtàrí gan-an. Bó bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ọrùn oníjó ni yóò sọ fún un. Ẹ má lo ìṣó, ó ń dógùn-ún, á sì jẹ igi náà.

Kí ẹ tó kùn ún lọ́dà, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí iye rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbẹ nìyẹn. Ọ̀dà tí a bá kùn sórí omi á wú, á sì bó.

Ègbè_Ẹ̀fẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá Ahùn. Ọ̀rọ̀ igi pé. Ṣùgbọ́n orí tó gbé ọ̀kadà kò lè bá ẹnikẹ́ni wí, orin ló ń báni wí. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń kọrin. Lọ́sàn-án ni àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó ní méjì méjì. Ẹni tí kò bá gbọ́ orin òru, tó rí ọ̀kadà lọ́sàn-án, lè rò pé ẹ ń yin oní-zémidjan ni! Àwọn tó ń pa á lówe pé ojú tó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran kò ní kí etí sùn. Lọ́dún 2001 tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí wọ́n sì wá fi sínú àkójọ wọn lọ́dún 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò, odindi ìṣe náà ni wọ́n kà sí ohun iyebíye, kì í ṣe igi nìkan.

Ìdí tí a fi ń gba ìbáwí lẹ́nu Ẹ̀fẹ̀ ni pé kì í sọ̀rọ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Ó ti júbà àwọn ìyá wa, wọ́n ti fún un láyè. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà, kó lọ bá àwọn ìyá. Ògiri kò ní ààbò yẹn: ẹni tí àwòrán bá ń bú lè fi ọ̀dà pa á rẹ́ mọ́jú.

Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú orin. Ìwà ni kí ẹ ṣàpèjúwe, ẹni tó ni ìwà náà á mọ ara rẹ̀. Kí ègbè má ju ìlà kan tàbí méjì lọ, kí ẹ kọ́ àwọn obìnrin àti ọmọdé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Irú èyí:

Lílé: Ẹni tó ń sáré bí ìjì lọ́nà Pobè,
Ègbè: Ìyá rẹ̀ ń wọ̀nà, oúnjẹ ti tutù.

Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, èrò á dákẹ́, wọn ò ní gbe ègbè. Orin tí èrò kò bá gbè, kò ní bá wọn délé.

Àjàṣẹ́_Lókè
Ẹ̀gbọ́n Ègbè, mo fara mọ́ ọn dé ìdajì. Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí lọ́dún 1962, bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì, epo kpayo (epo bẹntiróò fàyàwọ́) ló ń sọ di ojú: ẹnu bídọ́ọ̀nù di ẹnu, ibi ìdìmú di imú. Ó to 304 irú rẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú, British Museum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì pàtẹ rẹ̀ lọ́dún 2007. Ẹnikẹ́ni ò gbé e jó, síbẹ̀ ó sọ̀rọ̀, torí ohun tó fi ṣe é ti ń jẹ́rìí kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ère kan náà kì í sì í sọ ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn. Nínú ohun 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Benin lóṣù kọkànlá ọdún 2021, ère Glèlè, ọba Dahomey, wà níbẹ̀, ìdajì ènìyàn, ìdajì kìnnìún. Lójú Abomey, olú ìlú Dahomey ìgbà náà, baba ló padà wálé. Lójú Kétu tí ogun Glèlè fọ́ lọ́dún 1886, ẹ̀yin ará Kétu ẹ parí i.

Bí ẹ bá fẹ́ kí orí yín wọ musée, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, lọ́jọ́ iwájú, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: agbẹ́gilére, igi, ọdún, àdúgbò, ẹni tó jó o, àti gbogbo orin. Orí tó wà nínú dígí láìlórin ti yadi.

Ọmọ_Ìdènà (Kétu)
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. A ó pín owó náà láàárín igi àti orin nìyẹn. Aṣọ wá ń kọ́? Ṣé ká rán tuntun?

Ègbè_Ẹ̀fẹ̀
Ẹ má rán nǹkan kan. Ẹ lọ yá gèlè àti ọ̀já lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò. Ìyá tí aṣọ rẹ̀ bá wà ní ìdí oníjó kò ní jókòó sílé. Kí aṣọ tó bo ojú fẹ́lẹ́, torí abẹ́ ère níbẹ̀ ni oníjó ti ń ríran, kì í ṣe ojú igi. Ẹ fi òwú aláwọ̀ ran àmì sí igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún sínú káyé (ìwé àkọsílẹ̀). Kí ọ̀dà sì ti lo ọjọ́ 10 ó kéré tán kí aṣọ aláṣọ tó kan ère náà, torí àbàwọ́n ọ̀dà kì í jáde.