Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilé bàbá wa ní Òkè-Àdó kún dé àjà, a sì fẹ́ tà á

ỌmọÒkèÀdó
Mo kí gbogbo ilé o. Bàbá wa pa ipò dà lọ́dún tó kọjá. Àwa méje la jẹ́ ọmọ, abẹ́ ìyá méjì, gbogbo wa la sì fẹnu kò pé ká ta ilé wọn ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, torí kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́. Ẹrù inú rẹ̀ ló wá ń dẹ́rù bà mí. Yàrá mẹ́fà ni. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá ṣe, wọ́n tún dáko kòkó, wọn kì í sì í sọ nǹkan nù: ìwé ìròyìn Tribune àti Sketch ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, rédíò tó ti kú, agolo, aṣọ, ìwé lórí ìwé. Peckham, ní London, ni mò ń gbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní òun ò ní san owó tó kù àfi tó bá ṣófo. Ṣé kí n wá àwọn tó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà ni? Ta lẹ mọ̀?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí bàbá tèmi kú, àbúrò mi ọkùnrin ta pọ́tìmáńtò irin kan fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin. Kò ṣí i wò. Ìwé ilẹ̀ oko wa wà nínú rẹ̀. A sáré tẹ̀ lé wọn débi tí wọ́n ń kó irin jọ sí, a rí pọ́tìmáńtò náà, òfìfo ni. Títí dòní la ṣì ń bá àwọn kan fà á lórí ilẹ̀ yẹn.

Àwọn bàbá wa kì í tọ́jú ìwé síbi tí ojú ẹni máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣí Bíbélì ní ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọn inú ìrọ̀rí, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpò kóòtù, agolo bisikíìtì, ẹ̀yìn fọ́tò ara ògiri. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwé nìkan ni kẹ́ ẹ fi wá.

Lọ́yà Ìjẹ̀bú
Ìyá Ìbejì ti sọ ojúlówó ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé ṣáájú 1978, tí Òfin Lílo Ilẹ̀ dé, ni bàbá ra ilẹ̀ náà, ó lè má jẹ́ C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, lẹ máa bá. Ó lè jẹ́ kọnfeyáǹsì (ìwé àdéhùn títa ilẹ̀), tàbí rìsíìtì tí àwọn onílẹ̀ tẹ̀ka sí. Ẹ má kà á sí bébà lásán. Ẹ tún wá ìwé ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ra ṣíà lẹ́yìn òfin 1972 àti ti 1977, tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà.

Bí bàbá ò bá kọ ìwé ìhágún, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìbójútó ogún ní kóòtù gíga kẹ́ ẹ tó tà. Ẹ sì ti ìsinsìnyí sọ bóyá ìdí igi (kí ẹ pín in bí iye ìyá ṣe wà) tàbí orí òjorí (kí ẹ pín in bí iye ọmọ ṣe wà) lẹ máa fi pín owó. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé Privy Council, kóòtù tó ga jù fún wa nígbà yẹn, ní London ní 1962, ìdí igi ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ àṣà wa. Tí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè ní kó jẹ́ orí òjorí.

Alákòkó
Ẹ ní bàbá dáko kòkó. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọ stọ́ọ̀ o: Gamalin! Gammalin 20 tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó nígbà kan, májèlé gidi ni. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga, ẹ má jó o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ agolo rẹ̀ fi bu epo. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, kò jìnnà sí yín, ẹ lọ bi wọ́n léèrè.

Àdùkẹ́
Àga, àwo àti kúlà, ẹ lù wọ́n ní gbàǹjo nínú ọgbà lọ́jọ́ Sátidé, ará àdúgbò á rà á tán. Àwọn alákàrà á ra ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Sketch ò jáde mọ́. Aṣọ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún jù. Tí ẹ bá rí ẹtù, àlàárì tàbí sányán, ẹ má jẹ́ kó wọ inú ẹrù òkìríkà. Ẹ tẹ́ ẹní, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú, láti orí àgbà wálẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Àdùkẹ́, mi ò fara mọ́ àgbà kọ́kọ́ mú yẹn. Níbi tí ìyá ti pé méjì, àwọn àbúrò á ní wọ́n ti ṣa èyí tó dáa lọ. Kí ẹnì kan látinú ìdí kọ̀ọ̀kan jọ pín in sọ́nà méjì ná, kí èrò tó kún ilé.

ỌmọÒkèÀdó
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe bọ̀dá wa àgbà lálẹ́ àná. Àgádágodo méjì la fi ti ilé báyìí: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ wọn, ìkejì lọ́wọ́ ọmọ ìyá kékeré, kò sẹ́ni tó lè dá wọlé. Wọ́n wo stọ́ọ̀, agolo Gamalin mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ti fún wa ní oṣù kan sí i.

Asọ̀rọ̀mágbèsì kan, àpótí rédíò àtijọ́, ṣì wà lára ògiri pálọ̀, òun ni bàbá fi ń gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò fẹ́ kó bọ́ sí gbàǹjo. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, báwo ni mo ṣe lè gbé e dé Peckham kó má fọ́?

Àdùkẹ́
Ẹ fi bùbá wọn kan wé e, kẹ́ ẹ gbé e dání wọ bàálù. Ẹ má fi sínú ẹrù tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀.