Ọjọ́ tí "goal" kì í ṣe góòlù: ẹ̀yin tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé, ẹ wá sọ tiyín

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe láàárín Èkó àti Kútọnu. Àgbádárìgì ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti kàwé, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti wà lẹ́nu mi láti kékeré. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé kan láti Èkó wá bá ti Àjàṣẹ́ gbá ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ṣe ìpàdé: kóòṣì méjèèjì, rẹfirí, èmi láàárín. Kóòṣì Àjàṣẹ́ dìde, ojú rẹ̀ fà ro, ó ní: "Notre goal est forfait." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo gbọ́ "goal", mo gbọ́ "forfait", mo yíjú sí kóòṣì Èkó, mo sì sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n ti yọ̀ǹda góòlù kan fún wọn.

Inú bí ọkùnrin náà. Ó ní ta ló sọ pé àwọn ọmọ òun kò lè jẹ góòlù fúnra wọn, ó ní ìwọ̀sí gbáà ni. Kóòṣì Àjàṣẹ́, tó ń retí kí wọ́n bá òun kẹ́dùn, rí i pé wọ́n ń pariwo mọ́ òun, òun náà bá gbaná jẹ. Bí mo ṣe ń túmọ̀ èébú ẹnì kìíní fún ẹnì kejì ni ọ̀rọ̀ ń le sí i. Rẹfirí ló là wá. Ó dìde láìsọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ hán bọ́ọ̀lù, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó di orúnkún mú, ó rojú. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé mi. Aṣọ́lé wọn ló farapa, kò ní lè gbá lọ́la.

Àwọn Faransé yá "goal-keeper" lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gé ìdí rẹ̀ nù, "goal" tó kù wá di orúkọ ẹni tó ń ṣọ́lé. Góòlù tí a ń jẹ, "but" ni wọ́n ń pè é. "Forfait" ní tirẹ̀ kì í ṣe kí ènìyàn yọ̀ǹda nǹkan fún ẹlòmíràn nìkan. Agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ kò dá, tí kò ní lè wọlé, wọ́n á ní ó jẹ́ "forfait". Kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí n kò mọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ tí èdè kan yá lọ́wọ́ èkejì ló máa ń mú wa jù, nítorí a ti rò pé a mọ̀ ọ́n láti ilé. Ẹni tó bá sọ fún yín lédè Faransé pé òun ń lọ ra "baskets", bàtà ló ń lọ rà. Ẹni tó bá ní òun ń lọ ṣe "footing", eré ìdárayá àárọ̀ ló ń lọ sá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì ní ojú, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá sọ tiyín.

Oníròyìn eré ìdárayá, Pọ́bẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èdè wa ni mo fi ń ka ìròyìn lórí rédíò, láti inú Faransé ni mo sì ti ń mú un. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti inú Gẹ̀ẹ́sì, a sì máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ara wa.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 2019, Benin bá Morocco gbá ní Káírò, nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ má bínú, ara mi ṣì máa ń gbóná bí mo bá rántí. Moïse Adilehou jẹ fún wa ní ìṣẹ́jú 53, Youssef En-Nesyri dá a padà ní ìṣẹ́jú 76. Nígbà tí 90 ti pé, tí wọ́n ń gbá ìṣẹ́jú tí rẹfirí fi kún un, wọ́n fún Morocco ní pẹ́náritì. Hakim Ziyech gbá a, ó ba òpó. A lọ sí àfikún àkókò, wọ́n lé ọmọ wa kan jáde, síbẹ̀ ó parí sí 1-1. Ibẹ̀ ni a ti wá to ara wa láti gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì fi 4-1 borí.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kíákíá: "Ziyech ba òpó lórí pẹ́náritì, Benin borí pẹ̀lú pẹ́náritì." Òun náà kà á lórí afẹ́fẹ́ pé bọ́ọ̀lù tí Ziyech gbá sí òpó nígbà tí wọ́n ń gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan ló sọ Morocco nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ṣì í lọ́nà, nítorí mo ti fọ́ ohun tó yàtọ̀ lédè Faransé pọ̀ mọ́ ara wọn. Faransé máa ń sọ "penalty" fún èyí tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ yín nínú eré, wọ́n á sì sọ "tirs au but" fún èyí tí ẹ ń gbá lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí eré ti parí. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, "penalties" lè kó méjèèjì.

Bákan náà ni ti àkókò. "Arrêts de jeu" ni ìṣẹ́jú díẹ̀ tí rẹfirí fi kún 90. "Prolongation" ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a ń gbá bí kò bá sí ẹni tó borí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń kọ ọ́, mi ò kọ orúkọ nìkan mọ́. Mo máa ń kọ ohun tí ojú mi rí: "pẹ́náritì inú eré, ìṣẹ́jú báyìí", "ìgbá ọlọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn 120". Ó gùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún ṣì í gbọ́.

Olùtumọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ti eré sísá ni tèmi. Ní oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa níbí, fi rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé lélẹ̀ ní Eugene, Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí n túmọ̀ ìròyìn náà sí Faransé fún àwọn ará wa tó wà ní Kútọnu àti Lomé. Eré ọgọ́rùn-ún mítà tí àwọn obìnrin ti ń fo igi ìdènà ni. Mo yára, inú mi ń dùn, mo fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìdajì rẹ̀ kí n tó wá máa tún un ṣe.

Ẹ̀rọ náà rí "heat", ó kọ "chaleur". Ó ní Amusan ṣe ipò kìíní nínú ooru rẹ̀. Nínú eré sísá, "heat" ni ìpín àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń ṣa àwọn tó máa tẹ̀síwájú, "série" sì ni Faransé ń pè é. Ìyẹn rọrùn láti rí. Èyí tó fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni ti afẹ́fẹ́.

Ẹ rántí pé ìgbà méjì ni obìnrin yìí sáré lọ́jọ́ náà. Ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ó sá 12.12, ìyẹn ni rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní àṣekágbá fúnra rẹ̀ ó tún sá 12.06, èyí tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi rẹ́kọ́ọ̀dù nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn tó mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 2.0 sì ni òfin gbà. Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé "wind-aided". Mo kọ "avec l'aide du vent", mo sì ti fẹ́ fi ránṣẹ́ nígbà tí mo tún un kà. Ó dún bí ẹni pé mò ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló bá a sáré, pé kò tọ́ sí i. Ohun tí àwọn akọ̀ròyìn eré sísá ń kọ lédè Faransé ni "vent trop favorable", afẹ́fẹ́ tó ṣe ojúrere jù, kí wọ́n sì sọ pé àkókò náà kò lè di "homologué", ìyẹn èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Gbólóhùn yẹn ń sọ òfin, kò sọ nǹkan kan nípa ọmọbìnrin náà. Ó ti gba ẹ̀yẹ wúrà rẹ̀, ó sì ti ní rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi bù ú kù níwájú àwọn tí kò rí i.

Ẹ sì máa ṣọ́ra fún àmì. 12.12 ni Gẹ̀ẹ́sì ń kọ, Faransé á fi kọ́mà sí i: 12,12.

Nọ́ọ̀sì, Ìfàngnì

Ẹ ṣeun, àǹtí mi ti Ìjẹ̀bú-Òde. Tèmi kì í ṣe ti orí pépà.

Ọmọkùnrin kan láti apá Ìdí-Ìrókò wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa, ó ṣubú, wọ́n gbé e wá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ "élongation" sílẹ̀ fún iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó máa gbà á sílé. Mo fẹ́ kọ "torn muscle", nítorí pé ọ̀rọ̀ ìpalára iṣan ni mo mọ̀ jù nígbà náà. Bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀, wọn ì bá tì í mọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé òdìkejì rẹ̀ ni mo ṣe, kí iṣan já, kí n kọ pé ó kàn nà lásán, ọmọ náà á padà sórí pápá láìpẹ́, á sì ba ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Ohun tó gbà mí ni pé mo padà lọ bi dókítà. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni, ó gbọ́ èdè wa. Mo bi í pé: "Dókítà, ṣé iṣan náà fà ni, àbí ó já?" Ó ní: "Ó fà ni, kò já." Ó parí. Èyí tó fà ni "élongation", Gẹ̀ẹ́sì á pè é ní "strain" tí kò le. Èyí tó já ni "claquage" tàbí "déchirure", "tear" nìyẹn. Kókósẹ̀ tó rọ́ ni "entorse", ìyẹn ni "sprain". "Strain" àti "sprain" jọ ara wọn débi pé mo ti rí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá tí wọ́n ń ṣi wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ "ó fà" kó pè é ní "ó rọ́"?

Láti ìgbà náà, mi ò lọ tààrà láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Mo máa ń gba ilé kọjá ná.

Oníṣòwò ẹ̀yà ara mọ́tò, Ìdí-Ìrókò

Kúkúrú ni tèmi. Ọ̀rẹ́ mi tí ń gun ọ̀kadà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá sí ọ̀hún láti lọ máa ṣe zémidjan, bí wọ́n ti ń pe ọ̀kadà ní Benin, béèrè "pétrole" níbi tí wọ́n ti ń ta epo. Epo àtùpà ni wọ́n rọ fún un, bẹ́ẹ̀ epo bẹntiróòlù ló ń wá. "Essence" ni ìyẹn ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ sì ni "bougie": àbẹ́là ni, púlọ́ọ̀gì mọ́tò náà sì ni. Bí oníbàárà bá ti dé, mo máa ń ní kó fi ọwọ́ kan ibi tí nǹkan náà wà lára mọ́tò kí n tó mú ọjà jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Faransé, Ìbàdàn

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n máa fi ṣe atọ́nà? Ìwé atúmọ̀ èdè tí mo ní sọ pé "surface de réparation" ni "penalty area". Mi ò rí bí àtúnṣe ("réparation") ṣe wọ inú ìjìyà ("penalty").

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára gan-an. Gẹ̀ẹ́sì ń wo ẹni tó ṣẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jìyà. Faransé ń wo ẹni tí wọ́n ṣẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ tún ohun tí wọ́n bà jẹ́ fún un ṣe. Bí ẹni tí wọ́n sọ pé kó san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó ṣẹ̀ ni. Ilẹ̀ kan náà, ìlà funfun kan náà, ojú méjì ni wọ́n fi ń wò ó.

Ní ti atọ́nà, gba ìwé òfin fúnra rẹ̀. IFAB, ìgbìmọ̀ tó ti ń ṣọ́ òfin bọ́ọ̀lù láti 1886, ń tẹ òfin náà jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Sípéènì. Ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí o máa kà wọ́n ní òfin kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá bára mu, ti Gẹ̀ẹ́sì ló lékè. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ Òlíḿpíìkì bá gbé ọ dé ibẹ̀, rántí pé òdìkejì ni: nínú ìwé àdéhùn Òlíḿpíìkì, ti Faransé ni wọ́n ń tẹ̀lé bí àwọn méjèèjì bá yàtọ̀. Mo ti rí ibi tí àwọn ènìyàn ti jókòó títí di òru nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi ara rẹ̀ léèrè èyí tó lékè.

Nọ́ọ̀sì mi, ọ̀rọ̀ yín pé ẹ máa ń gba ilé kọjá, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi. Rẹfirí tó di orúnkún mú lọ́jọ́ náà, ohun tó ṣe nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ Yorùbá.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n pè mí sí ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí n kò tíì túmọ̀ rí. Nínú ìwé tí wọ́n fún mi, rẹfirí lè fọn fèrè fún "marcher". Rírìn. Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe èyí?

Olùtumọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

"Travelling" ni, ẹ̀gbọ́n. Faransé ní ó rìn, Gẹ̀ẹ́sì ní ó rìnrìn àjò. Ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú tó ń gbé ẹsẹ̀ láì lù ú mọ́lẹ̀ ni. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo ọwọ́ rẹfirí: á máa yí apá méjèèjì po níwájú àyà rẹ̀, bí ẹni tó ń ká òwú.