Ọdẹbìnrin kan ṣoṣo ló kù lórí òṣùpá: ta ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ nínú kọ́míìkì yìí?

Akọ̀tàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Kọ́míìkì olójú ìwé 24 ló wà lọ́wọ́: àwọn ẹ̀dá láti ayé mìíràn pa gbogbo ará ibùdó kan lórí òṣùpá, ó wá ku ọdẹbìnrin kan tó ń tọpa wọn kó lè gbẹ̀san. Kò sẹ́ni tí yóò bá sọ̀rọ̀, àlàyé sì ti bo àwòrán mọ́lẹ̀. Ojú ìwé wo ló yẹ kí ẹ̀dá náà ti kọ́kọ́ hàn? Fọ́ǹtì tí mò ń lò tún ń ti àmì ohùn orí ẹ́ àti ọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìjúbà:
Ẹ má jẹ́ kó máa sọ ohun tí ojú ti rí. Ẹ jẹ́ kó máa sun ìrèmọ̀jé, orin arò àwọn ọdẹ. Tí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sun ún níbi ìṣípà, ètùtù ìkẹyìn fún ọdẹ tó kú. Níbí, òun nìkan ló kù tí yóò sun ún fún gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tí yóò sun tirẹ̀. Ọkàn ìtàn yín nìyẹn. Ìlà kan fún àpótí àwòrán kan, kó má ju ọ̀rọ̀ 20 lọ.

Ẹ má sì kọ "gbàù" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Kò sí afẹ́fẹ́ lórí òṣùpá tí yóò gbé ìró. Èémí inú akoto rẹ̀ la lè gbọ́, àti ohun tó bá gba ilẹ̀ wọ inú bàtà.

Etí-Ìwé:
Ìrèmọ̀jé yẹn dára gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ 20 nínú gbogbo àpótí ti pọ̀ jù. Àpótí 6 ti di ọ̀rọ̀ 120 nìyẹn. Níbi tó bá ti ń lúgọ, ẹ yọ ọ̀rọ̀ kúrò pátápátá.

Ìfarahàn: ojú ìwé 12 àti 13. Nínú ìwé 24 tí wọ́n ká sí méjì tí wọ́n fi wáyà dè láàárín, méjèèjì wà lórí abala bébà kan náà, àwòrán tó bá gbà wọ́n kò ní yẹ̀. Ẹni tó wà ní ojú ìwé 11 kò sì lè rí 12 àfi tó bá ṣí i. Ṣáájú ìyẹn, ipa ẹsẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ ló ti dùn jù: kò sí afẹ́fẹ́, kò sí òjò, ipa àná àti ti ọdún 10 sẹ́yìn rí bákan náà. Ọdẹ yín kò lè mọ èyí tó jẹ́ tuntun àfi èyí tó bá tẹ orí òmíràn. Ẹ fi àpótí mẹ́ta ṣe é láìṣàlàyé.

Yíǹkì-Dúdú:
Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹ ni yóò kọ́kọ́ wá, àmì yóò tẹ̀lé e, fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé e lé, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ Ẹ́ Ọ̀ ṣ ẹ̀ ọ́ wò kí ẹ tó ra èyíkéyìí. Noto Sans àti Andika gbé wọn dáadáa. Tí lẹ́tà bá jẹ́ póìǹtì 8, ẹ fi póìǹtì 11 sáàárín ìlà kan àti èkejì, kí àmì abẹ́ má baà gún àmì orí ìlà tó tẹ̀lé e.

Ojú ọ̀run òṣùpá dúdú tọ̀sán-tòru, K100 nìkan (yíǹkì dúdú láìsí àwọ̀ mìíràn) sì máa ń jáde bí eérú níbi tó bá fẹ̀. Ẹ lo C60 M40 Y40 K100, ìyẹn yíǹkì búlúù, pupa àti yẹ́lò pọ̀ mọ́ dúdú. Ṣùgbọ́n K100 nìkan ni ti lẹ́tà: tí bébà bá yẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, etí lẹ́tà aláwọ̀ mẹ́rin yóò ràn, àmì ohùn ló sì máa kọ́kọ́ bàjẹ́.