Eré máìlì méjì ló sọ ìwé ìdásílẹ̀ mi di General: báwo ni mo ṣe lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e ga?

Ìbéèrè, láti Houston

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo wọ iṣẹ́ ológun Army ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, nígbà tí ó jẹ́ pé green card nìkan ni mo ní, inú iṣẹ́ náà ni mo sì ti gba ìwé ọmọ onílùú. Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n dá mi sílẹ̀ lábẹ́ Chapter 13, èyí tí wọ́n ń pè ní unsatisfactory performance, nítorí pé mo kùnà ìdánwò ara lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Eré máìlì méjì nìkan ló ń gbé mi lulẹ̀, torí pé eegun ojúgun mi ti sán nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò sì tíì jinná dáadáa nígbà tí wọ́n ní kí n tún sáré. Mi ò jalè, mi ò fọwọ́ kan oògùn olóró, wọn kò sì pè mí lẹ́jọ́ rí, síbẹ̀ General, Under Honorable Conditions, èyí tó fi ìpele kan rẹlẹ̀ sí Honorable, ni wọ́n kọ sí ìwé mi. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, GI Bill, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ọmọ ogun, ni mo sì gbójú lé, kí wọ́n tó wá sọ fún mi pé ẹni tí ìwé rẹ̀ bá jẹ́ Honorable nìkan ló tọ́ sí. Ọ̀gá kan sọ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń jáde pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé náà yóò gòkè fúnra rẹ̀. Títí di òní, ibi tó wà náà ló wà. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi.

Èsì, láti Maryland

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ọ́fíìsì tí ń tọ́jú ìwé àwọn ọmọ ogun ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì nínú Army, ohun tí mo sì ń ṣe báyìí ni kí n máa ran àwọn veteran, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ti jáde, lọ́wọ́ láti kọ irú ìwé ẹ̀bẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà yẹn kì í ṣe òótọ́ rárá, ó sì ń dùn mí pé wọ́n ṣì ń fi tan àwọn ọmọ wa jẹ nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Kò sí ìwé ìdásílẹ̀ tí ń gòkè fúnra rẹ̀, ì báà pé oṣù mẹ́fà, ì báà pé ogún ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ gòkè gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kí ó sì kó ẹ̀rí jọ.

Ìgbìmọ̀ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni Army Discharge Review Board, tí a ń fi fọ́ọ̀mù DD 293 kọ̀wé sí. Ọdún 15 ni òfin fún ènìyàn láti ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí náà ọ̀nà ṣì là fún ọ títí di oṣù kejì ọdún 2033. Èkejì ni Army Board for Correction of Military Records, DD 149 sì ni fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ọdún 3 ni wọ́n fi lélẹ̀ níbẹ̀, láti ìgbà tí ènìyàn ti mọ̀ pé àṣìṣe wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbójú fo gbèdéke náà bí wọ́n bá rí i pé òdodo béèrè bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ni kí o kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Ó lè sọ General di Honorable, ó sì lè yí ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ padà, àmọ́ kò lágbára láti sọ ìdásílẹ̀ rẹ di ti àìlera. Bí ìyẹn bá wà lára ohun tí o ń wá, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kejì ni yóò já sí.

Ohun méjì ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò: bóyá àwọn ọ̀gá rẹ tẹ̀lé ìlànà nígbà tí wọ́n ń dá ọ sílẹ̀, àti bóyá ohun tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ bá gbogbo iṣẹ́ tí o ṣe mu. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá fún mi kì í mẹ́nu ba èyí àkọ́kọ́ rárá. Wọn a kọ ojú ìwé lórí ojú ìwé nípa ìyà tó jẹ wọ́n, wọn a fi Ọlọ́run bẹ ìgbìmọ̀, síbẹ̀ wọn kò ní sọ ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n kọjá ìlànà. Lójú tèmi, nínú ọ̀rọ̀ ìdánwò ara, ọjọ́ tó wà nínú ìwé ń gbèjà ènìyàn ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Nítorí náà, gbé ìwé profile rẹ, èyí tí dókítà fi sọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ ṣe, sí ẹ̀gbẹ́ DA 705, ìyẹn káàdì tí wọ́n kọ èsì ìdánwò rẹ sí. Lábẹ́ ìlànà APFT, ìyẹn ìdánwò ara tí à ń lò nígbà náà, bí profile onígbà díẹ̀ bá parí, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọmọ ogun ní ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tó lò lórí profile kí ó fi mú ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, kí wọ́n tó fún un ní ìdánwò tí yóò wọ àkọsílẹ̀, bí àkókò náà kò bá ti ju ọjọ́ 90 lọ. Ẹni tó lo ọjọ́ 30 lórí profile ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 60. Ẹni tó lo 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀tọ́ sí 90. Bí dókítà bá sì ti sọ profile náà di èyí tí kò lópin, ìlànà fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn fi ìrìn máìlì 2.5, tàbí wíwẹ̀ nínú omi fún yáàdì 800, tàbí kẹ̀kẹ́ gígùn fún máìlì 6.2 dípò eré.

Fara balẹ̀ ka káàdì náà. Ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 22 sí 26 gbọ́dọ̀ ṣe push-up 40 àti sit-up 50, kí ó sì sá máìlì méjì náà tán láàárín ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú àáyá 36, kí ó tó gba máàkì 60 tó jẹ́ ààlà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí apá àti ikùn rẹ bá ń yege nígbà gbogbo, tó jẹ́ pé ibi tí ẹsẹ̀ bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìkan ni máàkì ti ń já, káàdì yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé o kì í ṣe ọ̀lẹ. Tún wá àwọn ìwé ìbánisọ̀rọ̀ DA 4856 tí àwọn ọ̀gá rẹ kọ. Kí kọmánda tó bẹ̀rẹ̀ Chapter 13, ó gbọ́dọ̀ ti pe ọmọ ogun jókòó, kí ó sọ àléébù rẹ̀ fún un ní kíkọ sílẹ̀, kí ó sì fún un láyè láti tún un ṣe. Bí ìwé yẹn kò bá sí, tàbí tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n kọ ọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ sílẹ̀, tọ́ka sí i.

Bí àwọn ìwé wọ̀nyí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, fi fọ́ọ̀mù SF-180 béèrè fún fáìlì rẹ lọ́wọ́ National Personnel Records Center tó wà ní St. Louis, tàbí kí o béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ National Archives. Ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ ìwòsàn rẹ wà lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àwọn veteran, nítorí náà béèrè níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀dà DD 214, ìyẹn ìwé ìdásílẹ̀ rẹ, tí wọ́n ń pè ní Member-4 ni kí o lò, torí òun ló gbé irú ìdásílẹ̀ àti ìdí rẹ̀ jáde. Ẹ̀dà kúkúrú kò ní ín. Má ṣe fi ojúlówó ìwé kankan ránṣẹ́ o.

Ìdáhùn olùbéèrè, láti Houston

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ti tú àpótí ìwé mi. Profile ọjọ́ 45 ni dókítà kọ fún mi, ó sì parí ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ni wọ́n fún mi ní ìdánwò tí mo kọ́kọ́ kùnà. Push-up 46 ni mo ṣe, sit-up jẹ́ 58, eré sì gbà mí ní ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 22. Ìdánwò kejì wáyé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, eré náà ni mo tún kùnà. Ohun mẹ́ta ló ṣì ń já mi láyà. Mo ti bọwọ́ lùwé nígbà náà pé mi ò fẹ́ rí lọ́yà. Mi ò mọ̀ bóyá ìgbìmọ̀ lè bínú kí wọ́n fà mí sílẹ̀ ju ibi tí mo wà lọ. Wọ́n sì ti fi ìwé ọmọ onílùú mi dẹ́rù bà mí.

Èsì, láti Maryland

Àbúrò mi, fi ọkàn balẹ̀. Láti ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ọjọ́ 35 péré ni, nígbà tó jẹ́ pé 90 ló tọ́ sí ọ. Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ni àkókò rẹ ì bá pé. Ìdánwò oṣù kẹfà yẹn kò yẹ kí ó wọ àkọsílẹ̀, ohun tí yóò sì ṣáájú nínú ìwé rẹ nìyẹn, ní gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ̀dà profile àti ẹ̀dà káàdì sì tẹ̀ lé e.

Má ṣe fi ìdánwò oṣù kẹsàn-án pamọ́ o, torí wọn yóò rí i nínú fáìlì. Ó bọ́ sẹ́yìn gbèdéke, nítorí náà o kò lè lo ìlànà ọjọ́ 90 fún òun náà. Sọ ọ́ bó ṣe rí: bí a bá yọ ìdánwò oṣù kẹfà kúrò, ìkùnà kan ṣoṣo ló kù, ìlànà sì sọ pé kí wọ́n tún ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan dán wò, kí wọ́n tó ronú àtidá a sílẹ̀ nítorí ìkùnà méjì tẹ̀ léra. Lẹ́yìn èyí, wá ohun tí dókítà kọ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Bí o bá lọ fi ẹsẹ̀ náà hàn wọ́n, bí wọ́n bá ya fọ́tò eegun rẹ, tàbí tí wọ́n fún ọ ní oògùn ìrora, ìwé yẹn ni kí o fi tẹ̀ lé e.

Ìbọwọ́lùwé rẹ kò ti ilẹ̀kùn kankan. Ẹni tí kò tíì lo ọdún 6 lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí ìjókòó ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n ń fi irú èyí dá a sílẹ̀; ohun tí o yọ̀ǹda kò ju àtirí lọ́yà lọ. Ní ti ìbẹ̀rù kejì, Discharge Review Board kò lè fún ọ ní ohun tó burú ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ. Ní ti ìwé ọmọ onílùú, ẹni tí òfin ń bá wí ni ẹni tó gba ìwé náà nípasẹ̀ iṣẹ́ ológun, tí wọ́n sì wá dá sílẹ̀ lábẹ́ Other Than Honorable tàbí ohun tó burú jù ú lọ kí ó tó pé ọdún 5 tó fi sìn dáadáa. General, Under Honorable Conditions, kò sí lára rẹ̀, iṣẹ́ tó níyì ni àwọn aṣọ́wọlé kà á sí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́ mọ́.

Lórí fọ́ọ̀mù náà, wọn yóò bi ọ́ bóyá o fẹ́ kí wọ́n ka ìwé rẹ lásán tàbí o fẹ́ fara hàn níwájú wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, o ṣì lè béèrè fún ìfarahàn, níwọ̀n ìgbà tí ọdún 15 kò bá tíì pé, ànfààní méjì nìyẹn dípò ọ̀kan. Ènìyàn márùn-ún ló máa ń jókòó lórí ẹjọ́, ìbò tó pọ̀ jù ló sì ń borí. Ó lè gbà ju ọdún kan lọ kí èsì tó jáde, má ṣe jẹ́ kí ìyẹn rẹ̀ ọ́. Kí o tó kọ tìrẹ, lọ ka ìpinnu wọn àtẹ̀yìnwá lórí boards.law.af.mil, níbi tí wọ́n ti yọ orúkọ àwọn ènìyàn kúrò. Wá Chapter 13 àti APFT, kí o wo ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọ́n kọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọpọlọ, ìbàlẹ̀ ọkàn tó fò lọ, ìpalára sí orí, tàbí ìfipábánilò, ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ ààbò kọ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2017 pa á láṣẹ fún ìgbìmọ̀ láti fi ojú àánú wo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má ṣe dá a sọ. Ọ̀rọ̀ ojúgun rẹ tó gbé ara rẹ̀ dúró.

Má sì dúró de ìgbìmọ̀ kí o tó béèrè ohun tó tọ́ sí ọ lọ́wọ́ VA nítorí ẹsẹ̀ rẹ. General tí o ní yìí tó fún ìtọ́jú àti fún owó ìpalára. GI Bill nìkan ni ogun tí o ń jà, kò sì ní í bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nítorí ọjọ́, torí ẹni tó bá jáde lẹ́yìn ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 kò ní gbèdéke mọ́ lórí Post-9/11 GI Bill. O sìn ju oṣù 36 lọ, nítorí náà ọjọ́ tí ìwé náà bá di Honorable, odindi ànfààní náà ni yóò tọ́ sí ọ. Àwọn ẹgbẹ́ veteran bí American Legion, DAV àti VFW ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ, tó sì ṣèlérí pé dandan ni wọn yóò gbà, sá fún un.

Èsì, láti Dallas

Ọmọ mi, mo kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ tèmi náà wọ Army láti Texas níbí, nítorí náà mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ìpínlẹ̀ wa ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Hazlewood Act. Bí ó bá jẹ́ pé Texas lo ti wọ iṣẹ́ ológun, tàbí ibẹ̀ lò ń gbé nígbà tí o wọlé, tí o sì sìn ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́nu iṣẹ́ láìka ìdánilẹ́kọ̀ọ́, òfin náà lè yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn rẹ ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìpínlẹ̀, títí dé credit hour 150. General, Under Honorable Conditions, wà lára èyí tí wọ́n ń gbà. O kò ní láti dúró de ìgbìmọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Máàkì tí o bá gbà níbẹ̀ yóò tún wúlò fún ìgbìmọ̀, torí wọ́n máa ń wo ohun tí ènìyàn fi ayé rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tó jáde. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ àti lọ́wọ́ ọmọ ogun kan tó rí ọ nígbà tí o ń tiro. Bí o bá gbà á lọ́wọ́ pásítọ̀ tàbí lẹ́mọ́ọ̀mù, sọ fún un kí ó kọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí pé o ń ṣe, kí ó má kàn kọ àdúrà. Lọ sí ọ́fíìsì àwọn veteran ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó sún mọ́ ọ jù kí ìforúkọsílẹ̀ tó kàn tó parí, kí o mú DD 214 Member-4 dání, kí o sì ní kí wọ́n fún ọ ní fọ́ọ̀mù Hazlewood.