Owó oṣù mi àkọ́kọ́ dín o, ẹ̀yin tó ti pẹ́ nílùú ọba, ẹ bá mi dá sí i

Àbúrò Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹta mi rèé níbí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Mo ti ṣírò owó mi sílẹ̀: £1,400. Nígbà tí mo wo báǹkì láàárọ̀ yìí, £1,056 ni mo bá níbẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, kí wọ́n má lọ pè mí ní oníwàhálà. Ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe é? Ohun mìíràn tó bá yẹ kí ẹni tuntun mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, oníṣirò owó: Àbúrò, má tíì sunkún. Payslip rẹ, ìwé tó ń sọ bí wọ́n ṣe ṣírò owó oṣù rẹ, dà? Wo ibi tí wọ́n kọ tax code sí, àmì tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa yọ owó orí rẹ, kó o sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa. Kọ ọ́ lásán ni o, má ya fọ́tò rẹ̀ síbí, orúkọ rẹ àti nọ́ńbà National Insurance rẹ, ìyẹn ti owó ìdójútòfò ìjọba, wà lórí rẹ̀.

Àbúrò Leeds: BR ni wọ́n kọ. Tax £280, National Insurance £28.16, pension £35.20.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, oníṣirò owó: Ẹ̀hẹ́n! BR ni pé wọ́n ń gba £20 lórí £100 kọ̀ọ̀kan, láti orí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́. £12,570 wà lọ́dún tí ìjọba kì í fọwọ́ kàn. Wọ́n rò pé ibòmíràn lo ti ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, 1257L ló sábà máa ń wà níbẹ̀, owó orí rẹ ì bá sì jẹ́ nǹkan bíi £70. Kí lo kọ sí fọ́ọ̀mù ẹni tuntun nípa iṣẹ́ mìíràn?

Àbúrò Leeds: Mo ṣe òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìkẹ́rù kan nígbà tí mo dé. Mi ò lọ mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì yọ orúkọ mi, ni mo bá kọ pé mo ní iṣẹ́ mìíràn. Mo ní kí n má parọ́ fún ìjọba.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, oníṣirò owó: Òótọ́ inú ló kó bá ọ! Sọ fún ilé ìkẹ́rù pé o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, gba P45, ìwé tó fi hàn pé o ti kúrò níbẹ̀, lọ́wọ́ wọn, kó o fún àwọn tó ń sanwó níbi iṣẹ́ tuntun. Lẹ́yìn náà, wọ app HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, kó o sọ fún wọn pé iṣẹ́ yẹn ti parí. Tí wọ́n bá ti yí code padà, owó tó lé máa bá owó oṣù tó ń bọ̀ wọlé. Bí ọdún bá tilẹ̀ ti yí po, ọdún mẹ́rin lo ní láti fi béèrè. Má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá ọ gbà á.

Bàbá Bọ́ọ̀sì: Pension ńkọ́? Ṣé kó jáde ni? Èmi jáde lọ́dún àkọ́kọ́, mo ní mo fẹ́ fi owó náà kọ́lé n'Íbàdàn. Ilé náà ò tíì ní òrùlé di òní.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, oníṣirò owó: Kó má jáde o. Wọ́n mú £35.20 lọ́wọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ fi £26.40 lé e, ìjọba fi £8.80 kún un. £70.40 ló wọlé. Alájọ wo ló ń ṣe irú ẹ̀? Alájọ ilé tilẹ̀ ń mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù.

Ìyá Ìbejì: Alájọ ilé máa kó o fún ọ lóṣù yìí ná. Ti ibí, ó di ọmọ ọdún 55, láti 2028 ó di 57. Ẹni tó ń san owó ilé ìwé àbúrò mẹ́ta nílé, ẹ má fi £35 ṣeré.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ̀yin onípẹ́ńṣàn, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò mi, má gbé èèyàn bí ẹni gbé àpò gàrí. Kó o tó fọwọ́ kan màmá kankan, gbé bẹ́ẹ̀dì sókè títí á fi bá ìbàdí rẹ dọ́gba. Bí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ bá ní èèyàn méjì, ẹ jẹ́ méjì, bí aago tilẹ̀ ń dún ní gbogbo yàrá. Èmi dá ọ̀kan gbé lóru ọjọ́ kan torí pé mo ń kánjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ ara mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé kíkọ. Má kọ pé "ara màmá yá". Kọ: aago 9:40, ó mu tíì ààbọ̀ kọ́ọ̀bù, ó kọ búrẹ́dì, gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ pọ́n, mo sọ fún ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí gìgísẹ̀ yẹn bá di egbò, tí ẹbí sì dé pẹ̀lú ìbínú, ìlà yẹn ló máa gbà ọ́. Ohun tí o ṣe tí o ò kọ, lójú wọn, o ò ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Tó o bá wá kúrò nílé ìtọ́jú, tó o ń ti ilé dé ilé, kọ tìrẹ náà sílẹ̀. Àkókò tó o fi ń rìn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì wà lára iṣẹ́ tí owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin gbọ́dọ̀ kárí. Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀gá mi kan fi jẹ tèmi. Ìwé pélébé kan tí mo ń kọ wákàtí sí nínú bọ́ọ̀sì ni mo fi gbà á padà.

Bàbá Bọ́ọ̀sì: Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn: láìsẹ́ńsì Nàìjíríà, oṣù 12 péré ló fi ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tó o di olùgbé ibí ni wọ́n sì ti ń kà á. Èmi ń kà á láti ọjọ́ tí mo ra mọ́tò. Ẹ má bi mí ohun tí ọlọ́pàá sọ.

Àbúrò Leeds: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti wọ app HMRC, wọ́n ti yí i sí 1257L. Àwọn ilé ìkẹ́rù ní P45 ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àǹtí, bẹ́ẹ̀dì tiwa ò ní bọ́tìnì kankan lápá ibi orí o, báwo ni mo ṣe máa gbé e sókè?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Wo ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, rìmóòtù máa ń há sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì níbẹ̀. Bí kò bá sí, pẹ́dàlì ni, ẹsẹ̀ lo fi máa tẹ̀ ẹ́.