Corolla 2006 mi ò lágbára mọ́: ṣé kí n ra fílítà kóònù kí n sì jẹ́ kí wọ́n tún brain box ṣe?

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Corolla 2006 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8 yẹn, 1ZZ, tòkunbọ̀. Kò kúkú dá mi dúró lọ́nà rí ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí mo bá wà lójú express Ìbàdàn sí Èkó tí mo fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ báyìí, mo lè tẹ iná dé ilẹ̀ kó ṣì máa rò ó bóyá kóun lọ àbí kóun dúró, kó tó gbéra àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń fun fèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún Golf GTI tiẹ̀ ṣe, stage 1 ló pè é, mo jókòó nínú ẹ̀, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ síìtì. Ni mo bá bi mẹkáníìkì mi, ó ní kí n yọ àpótí fílítà tó wà níbẹ̀ dànù, kí n ra fílítà pupa tó rí bíi kóònù yẹn, kí wọ́n wá tún brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ṣe, ó ní horsepower 30 máa kún un. Iye tó pè, mi ò ní kọ ọ́ síbí, ìyàwó mi lè rí i 😂. Ṣé òótọ́ ni àbí kí n di owó mi mú?

Bọ̀dá Skánà:
Àbúrò, di owó ẹ mú ná. Corolla tìẹ yẹn, nǹkan bí horsepower 130 ni Toyota fi sínú ẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní tuntun, kò ní turbo (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì), atẹ́gùn tó bá lè fà fúnra ẹ̀ náà ló ń lò. Kí fílítà àti brain box wá fi 30 lé 130, irọ́ ni, tí a bá ṣe é dáadáa títí ká rí bíi 5, o ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára.

Àpótí dúdú tó ní kó o yọ dànù yẹn, wọn ò ṣàdédé gbé e síbẹ̀ o. Iwájú lọ́hùn-ún, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ò dé, ni ẹnu ẹ̀ ti ń fa atẹ́gùn tútù. Kóònù tí wọ́n bá kàn dè sórí ẹ́ńjìnnì, inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti máa fà á, o sì mọ bí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbóná nínú go-slow Ọ̀jọ́ta. Tí ìta bá jẹ́ 33°C, tí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì wá jẹ́ 65°C, atẹ́gùn gbígbóná yẹn ti fúyẹ́ dé ibi pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ti dín nínú ẹ̀. O sanwó kí agbára ẹ lè dínkù nìyẹn. Ariwo ẹ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ, á máa ké wọ̀ọ̀ tó o bá ti tẹ iná, ìwọ á rò pé eré ló ń sá.

Eruku ńkọ́? Lítà epo kan ṣoṣo, nǹkan bíi lítà atẹ́gùn 9,000 ni ẹ́ńjìnnì máa fà láti fi jó o. Wá wo iye eruku tó máa bá a wọlé nígbà ọyẹ́, lọ́nà Mọ́níyà yẹn. Fílítà onípáálí ń mú eruku kúnná dáadáa. Kóònù olówó pọ́ọ́kú tí ihò ẹ̀ fẹ̀, eruku á gbabẹ̀ lọ máa ha pístìn. Èyí tí wọ́n ń fi ọ́ìlì pa, tí wọ́n bá pa á jù, ọ́ìlì á lọ lẹ̀ mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú MAF (sensor tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé), brain box ò wá ní mọ iye atẹ́gùn tó ń wọlé mọ́.

Wá ibi tí agbára tó ní tẹ́lẹ̀ gbà lọ ná. Wá ELM327, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki mọ́ mọ́tò láti ka kóòdù ẹ̀, kò wọ́n, fi Bluetooth so ó mọ́ fóònù ẹ, wo long term fuel trim (ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí brain box fi ń kún epo tàbí dín in kù). Tó bá ń ju +10 lọ, á jẹ́ pé atẹ́gùn kan ń yọ́ wọlé láì gba ọ̀dọ̀ MAF, àbí kí MAF fúnra ẹ̀ ti dọ̀tí, o sì lè rí kóòdù P0171 níbẹ̀, èyí tó ń sọ pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ. Rọ́bà dúdú gbàǹgbà tó wà láàárín àpótí fílítà àti throttle body (ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), fọwọ́ tẹ ibi tó ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn, abẹ́ ẹ̀ ló máa ń là, ẹni tó bá wò ó látòkè ò ní rí nǹkan kan. MAF ní spray tiẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi carb cleaner àbí bẹtiróò fọ̀ ọ́, má sì jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Plọ́ọ̀gì, iridium ojúlówó ni kó o rà, ayédèrú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà bíi rẹ́rẹ. VVT-i (ohun tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà) náà ní fílítà kékeré kan tí mẹkáníìkì wa kì í rántí, ọ́ìlì tó ti pẹ́ jù ló máa ń dí i. Catalyst (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde) tó bá dí náà ńkọ́, èéfín ò ní rọ́nà jáde, o lè tẹ iná títí, kò ní kọjá ibì kan.

Àti pé fọ́kànáísà tó ń fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ fílítà, inú síta ló yẹ kó fẹ́ ẹ, kó sì rọra, tí páálí bá ti ya kó o sọ ọ́ nù. Àwọn tó máa ń sọ pé fílítà tuntun ń dín epo kù náà, àwọn Oak Ridge l'Ámẹ́ríkà dán an wò ní 2009, wọ́n dí fílítà àwọn mọ́tò tó ń lo injector, epo tó ń jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, eré ẹ̀ ló falẹ̀.

Honda Boy Sùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n Skánà ẹ rọra o 😂 kì í ṣe gbogbo intake ló burú. Ti Civic mi, páìpù gígùn ni, ó lọ títí dé ẹ̀yìn bọ́ńpà, atẹ́gùn tútù ló ń fà, tí rpm bá ti lọ sókè ó yàtọ̀ díẹ̀. Ká tiẹ̀ ní kò yàtọ̀, ariwo ẹ̀ nìkan tó mi jẹ.

Bọ̀dá Skánà:
Mo gbà, ìyẹn yàtọ̀ sí kóònù orí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ibi tí ẹnu páìpù ẹ wà yẹn, ọjọ́ tí omi bá bo ọ̀nà Lẹ́kí, padà sílé. Ẹ́ńjìnnì lè fún atẹ́gùn pọ̀, kò lè fún omi pọ̀, tó bá fà á sínú kọ́nrọ́ọ̀dù á tẹ̀.

Honda Boy Sùúrùlérè:
Èmi kì í lọ Lẹ́kí, àwọn olówó ló ń gbé ibẹ̀ 😭

Ará Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tilé. Ọmọ Mọ́níyà, ọ̀rẹ́ ẹ ò purọ́, mọ́tò yín ni ò jọra. GTI ní turbo, tí wọ́n bá tún brain box ẹ̀ kọ, turbo ni wọ́n ń ní kó fún atẹ́gùn sí i, Mk7 tó jẹ́ 220 lè lọ sí bíi 290 láì fọwọ́ kan irin kankan. Tìẹ, ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Timing (ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná) ni wọ́n máa sún síwájú díẹ̀, epo á sì bá ẹ fà á. Níbí ní London, láti September 2021, E10 (epo tí ethanol lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀) tó jẹ́ 95 RON ni ilé epo ń tà fún gbogbo èèyàn; RON ni òṣùwọ̀n bí epo ṣe lè fara dà á kó má kàn. Tune tí wọ́n kọ fún 99, tó o bá da 95 sí i ẹ́ńjìnnì á fẹ́ máa kàn gbàgbàgbà, brain box á gbọ́ ọ látọ̀dọ̀ knock sensor, á sún timing padà sẹ́yìn, agbára tó o rà á lọ. Nílé epo tiwa 91 ni, ẹ sì rántí February 2022 tí wọ́n kó epo tí methanol ti pọ̀ jù wọ̀lú. Nítorí náà kí ọ̀rẹ́ ẹ bi ẹni tó ṣe tiẹ̀ pé epo wo ló kọ ọ́ fún, fáìlì tí wọ́n ṣe fún epo Jámánì lè jó pístìn ẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Àti catalyst, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kẹ́ ẹ yọ ọ́ kí mọ́tò lè mí, owó inú ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Níbí mọ́tò tí wọ́n bá ti yọ tiẹ̀ ò lè yege MOT (àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún), tune gan-an, tó ò bá sọ fún insurance, wọ́n lè má san kọ́bọ̀ fún ẹ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ bá mi bi mẹkáníìkì yẹn, níbo ló ti máa wọn horsepower 30 náà? Ṣé ó ní dyno, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára mọ́tò, ni? Kó wọ̀n ọ́n kó tó ṣe é, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fún un lówó.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo yá ELM327 lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Long term fuel trim wà ní +18, P0171 sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, iná check engine ò tàn torí wọ́n ti yọ gílóòbù ẹ̀ kí n tó rà á 😡. Rọ́bà yẹn là lábẹ́, wọ́n ti fi súpà gúlùú àti ọ̀rá dì í nígbà kan, tí ẹ́ńjìnnì bá mì báyìí ẹnu ẹ̀ á là wàì. Mo fi han mẹkáníìkì, ó ní òun ti rí i tipẹ́, òun rò pé a máa yọ ọ́ náà tí kóònù bá ti dé.

Bọ̀dá Skánà:
Hàáà 😂😂. Má lẹ̀ ẹ́ o, lọ sí Gate n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò, lọ ra òmíì, tòkunbọ̀ ẹ̀ tó bá ṣì rọ̀ tí kò sán dáa. Mú ti àtijọ́ dání kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n torí ti Matrix jọ ọ́. Tó o bá ti so ó tán, pa kóòdù yẹn rẹ́, wà á kiri fún ọjọ́ mélòó kan kí brain box tún ara ẹ̀ kọ́, kó o wá wo fuel trim padà. Tó bá ti wà láàárín -5 sí +5, lọ bá tírélà ẹ. Tí kò bá wá sílẹ̀, MAF la máa fọ̀ ṣìkejì. Ra gílóòbù check engine náà, kó o sì yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ya fọ́tò ẹnu wọn gbé e wá síbí.