Àbàjà kò ní hàn láìsí òjìji
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí kámẹ́rà. Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ni sítúdíò mi wà.

Obìnrin kan mú ìyá rẹ̀ wá kí n ya àwòrán ọjọ́ ìbí wọn, ó sì fi èyí tí sítúdíò mìíràn ti yà hàn mí. Ojú ìyá ń dán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti pòórá. "Èyí kì í ṣe màámi," ni ọmọ náà wí. Iná méjì tó dọ́gba, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni wọ́n fi yà á. Òjìji tí ọ̀kan bá dá, èkejì á pa á rẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn gbé iná kan sí ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn dára fún pélé, nítorí pé òòró ni pélé dúró, iná ẹ̀gbẹ́ sì ń dábùú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ìbú ni àbàjà ìyá yìí wà. Iná ẹ̀gbẹ́ á kàn máa bá ilà náà lọ ni, láìdá òjìji kankan sínú rẹ̀. Mo gbé softbox (iná tí a fi aṣọ funfun bò lójú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀) ga ju orí wọn lọ dáadáa, mo dorí rẹ̀ kodò díẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ ilà kọ̀ọ̀kan mọ́, etí òkè rẹ̀ ṣú, gbogbo wọn sì jáde.

Gèlè wá ṣíji bo iwájú orí, ihò ojú náà sì ṣókùnkùn. N kò tan iná kejì. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni mo gbé lé itan ìyá kí ó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sójú wọn, tí ọmọ ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, títí ibi tó mọ́ fi ń gba ìlọ́po 4 ìmọ́lẹ̀ tí ibi tó ṣú ń gbà, èyíinì ni sítọ́ọ̀pù 2 (sítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀). Bí fóòmù bá sún mọ́ ojú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àbàjà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́.

Mo rọ̀ yín, ẹ má ṣe sún iná sẹ́yìn nítorí àti dín agbára rẹ̀ kù. Bí ó bá kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 3 dé 6, ìmọ́lẹ̀ á di ìdá kan nínú 4 lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí òjìji á le, ìhunjọ ojú àgbàlagbà á sì bo ilà mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì agbára ni kí ẹ yí.

Àdìrẹ ni ìyá wọ̀, aró sì máa ń mu ìmọ́lẹ̀. Dúdú aṣọ náà ni mítà kámẹ́rà á rí, á sì fẹ́ mú un mọ́ títí yóò fi di àwọ̀ eérú, ojú á wá mọ́lẹ̀ jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ti wọn ìmọ́lẹ̀, mo sì fi kámẹ́rà sí M, níbi tí èmi fúnra mi ti ń yan iye ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé. Ẹni tó bá ti ya àdìrẹ pọ̀ mọ́ gèlè funfun rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tí ẹ gbé iná sí fún wa.